Bí Ẹ Ṣe Lè Wa Ọkọ̀ Ajá Lórí Yìnyín ní Tromsø: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Kò Ṣe É Rí

Tí ẹ bá ń gbé ní London, Manchester tàbí Dublin, tó sì ti pẹ́ tí ẹ ti ń wo fídíò àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, tí ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé ẹ ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ẹ kò nílò láti jẹ́ eléré ìdárayá. Ẹ kò sì nílò láti ti sin ajá rí. Ìrìn kúkúrú, tí kò ju kìlómítà 10 sí 15 lọ, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ṣe é ní ọ̀sán kan. Ohun méjì péré ló gba ọgbọ́n níbẹ̀: bí ẹ kò ṣe ní jẹ́ kí òtútù mú yín, àti bí ẹ ó ṣe máa tẹ bíréèkì. Ìyókù, àwọn ajá mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan máa ń sọ pé eré òyìnbó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn Inuit ti àríwá Amẹ́ríkà àti Greenland, àti àwọn Chukchi ti Siberia, ti ń fi ajá rìn lórí yìnyín tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí Robert Peary, arìnrìnàjò ọmọ Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀nà dé góńgó àríwá ayé ní 1909, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé nídìí ọkọ̀ ajá ni Matthew Henson, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó gbọ́ èdè Inuit, tó sì kọ́ iṣẹ́ ajá lọ́wọ́ wọn títí ó fi mọ̀ ọ́n bí onílé. Àyè wà fún wa níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lọ sí Tromsø

Ìlú kan ni Tromsø ní àríwá Nọ́wè. Orí erékùṣù ló wà, nǹkan bí kìlómítà 350 sí òkè ìlà Arctic, ìlà tí wọ́n fà yí apá àríwá ayé ká. Ọkọ̀ òfuurufú máa ń gbéra tààrà láti London lọ síbẹ̀ nígbà òtútù. Bí ẹ kò bá rí èyí, ẹ gba Oslo. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi yàn án ni òkun tó yí i ká. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ń ṣàn bọ̀ láti Atlantic, kì í sì í jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ burú tó ti àwọn ìlú tó jìnnà sí òkun. Ní oṣù kìíní, nǹkan bí -5°C ni àárín ìlú sábà máa ń wà. Kiruna ní Súwídìn tàbí Rovaniemi ní Fínláǹdì lè lọ sí -25°C, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì dára, ajá wọn pọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tí a bí sí ilẹ̀ ooru tó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Tromsø rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Yan oṣù kí ẹ tó yan ohunkóhun mìíràn

Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ rárá ní Tromsø. Ní ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ kan tó jọ ti ìdájí máa ń wà fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á ṣú padà. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa gba ẹni tí kò wa ọkọ̀ ajá rí níyànjú pé kó lọ láti àárín oṣù kejì sí ìparí oṣù kẹta. Ojú ọjọ́ á ti mọ́lẹ̀ dáadáa, yìnyín á ti nípọn lórí ilẹ̀, ẹ ó sì rí ọ̀nà tí ajá ń gbé yín gbà.

Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run lálẹ́ ńkọ́? Ó ṣì wà ní oṣù kẹta. Àwọn ilé ajá kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń sin ajá tó ń fa ọkọ̀, máa ń gbé àlejò jáde lóru pẹ̀lú iná lórí, wọ́n á ní ẹ lè rí i bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ọjọ́ wíwa ọkọ̀ àti ọjọ́ wíwo ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó ń wo òkè kò lè máa wo ajá, òkùnkùn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ rí kọ́ńà kó tó dé ibẹ̀.

Físà àti ìwé ìdánilójú ìlera

Bí ẹ bá di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú, ìwé ìgbélùú UK tàbí Ireland kò lè mú yín wọ Nọ́wè. Físà Schengen ni ẹ nílò, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Nọ́wè kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn; ìgbà òtútù ni gbogbo èèyàn ń du àyè. Wọ́n á béèrè ìwé ìdánilójú ìlera (insurance) tó lè san ó kéré tán €30,000. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé wíwa ọkọ̀ ajá wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń kà á mọ́ eré orí yìnyín, wọ́n á sì ní àwọn kò sanwó fún un àfi tí ẹ bá fi owó kún un.

Bí ẹ ṣe máa mọ ilé ajá tó dára

Oríṣi ìrìn méjì ni wọ́n ń tà. Nínú ọ̀kan, ẹ ó jókòó, afinimọ̀nà á sì wa ọkọ̀. Nínú èkejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó wà á: èèyàn méjì lórí ọkọ̀ kan, ọ̀kan á dúró lẹ́yìn, ọ̀kan á jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ láàárín ọ̀nà. Èkejì yìí ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún owó tó lè tó 2,000 kroner (owó Nọ́wè) tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹnì kan. Owó gidi ni, nítorí náà ẹ béèrè ìbéèrè kí ẹ tó san án.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye àkókò tí ẹ ó lò lórí ọkọ̀ gan-an. Ìrìn tí wọ́n pè ní wákàtí mẹ́rin lè jẹ́ wákàtí kan péré lórí yìnyín. Bọ́ọ̀sì, aṣọ wíwọ̀ àti oúnjẹ ló jẹ ìyókù. Kò burú, bí ẹ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa àwọn ajá. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ajá kan ń sáré lójúmọ́? Ọjọ́ wo ló ń sinmi? Kí ni wọ́n ń ṣe fún ajá tó ti darúgbó tí kò lè fa ọkọ̀ mọ́? Ẹni tó ń tọ́jú ajá rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè yẹn. Á dáhùn láìronú, á sì fi orúkọ ajá arúgbó tó ń sùn nínú ilé rẹ̀ kún un. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ilé pákó kọ̀ọ̀kan bóyá koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ẹ wo ìhà ajá bóyá egungun ti yọ síta, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí olówó wọn bá ń kọjá. Ajá tí wọ́n ń lù máa ń lọ́ra sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn á fò mọ́ olówó rẹ̀.

Àwọn tó yẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú

Aláboyún kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Ọkọ̀ máa ń fò, ó sì lè dojú dé. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tàbí tó ní ikọ́ sémìí-sémìí (asthma) kó béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òtútù wà lára ohun tó máa ń dá ìrora àrùn náà sílẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ẹ má lọ, ẹ lè lọ sí ilé ajá láìgun ọkọ̀, kí ẹ bá àwọn ọmọ ajá ṣeré, kí ẹ sì jókòó ti iná. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ń gba àlejò bẹ́ẹ̀.

Aṣọ: ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ ti ṣahun

Ilé ajá á yá yín ní aṣọ àwọ̀lékè tó nípọn tó so pọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àti bàtà ńlá. Ohun tí ẹ wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ló máa pinnu bí ọjọ́ yín ṣe máa rí. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun sí ara, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ wọ súwẹ́tà irun àgùntàn tàbí èyí tó gbóná bíi tirẹ̀ lé e. Ẹ fi sínglẹ́ẹ̀tì òwú, jíǹsì àti ìbọ̀sẹ̀ òwú sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Òwú máa ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ, á sì di omi tútù sí yín lára.

Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn kan tó nípọn dára ju méjì tó há bàtà lọ. Bí bàtà bá ti há, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọmọ ìka, òtútù á sì wọlé. Ẹ béèrè bàtà tó tóbi jù tiyín lọ díẹ̀. Fún ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ kan sínú, kí ẹ wá wọ èyí tó ko gbogbo ọmọ ìka pọ̀ sójú kan lé e. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ìbọ̀wọ́ òde nìkan ni kí ẹ bọ́.

Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ ìsáré wà níbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá jẹ́ -10°C, tí ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ara yín á gbọ́ ọ bíi -18°C. Ẹni tó jókòó ni òtútù ń mú jù, nítorí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń lo ara. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jókòó wọ ohun kan kún tirẹ̀, kó sì fi awọ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fún un bo ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìtọ́sọ́nà tí òyìnbó kọ kì í sábà mẹ́nu bà, tó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà fi hàn pé òtútù máa ń tètè ṣe ọmọ ìka aláwọ̀ dúdú ní jàǹbá ju ti òyìnbó lọ. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ ṣọ́ ibi tí awọ bá ti pọ́n. Lára tiwa, ẹ má dúró de pípọ́n. Ẹ máa wo imú, etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọmọ ìka ara yín. Ibi tó bá ti ṣe bí eérú, tó le, tí kò mọ nǹkan lára mọ́, òtútù ti ń bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún afinimọ̀nà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ náà sí abíyá lábẹ́ aṣọ. Ẹ má fi yìnyín ra á, ẹ má sì nà án sí iná, torí awọ tó ti kú lè jóná láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Òrí dára fún ètè àti ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ, ẹ mú un dání. Ṣùgbọ́n òrí kì í lé òtútù. Aṣọ tí ẹ fi bo imú àti ẹnu ló ń lé e. Ẹ bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn onírin sílé, nítorí irin máa ń gbé òtútù lọ bá awọ ara. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ di irun tó pọ̀, ẹ gbé fìlà yín wò kí ẹ tó kúrò nílé. Bí kò bá bo etí méjèèjì tán, ẹ wá òmíràn tàbí ẹ kó irun náà sísàlẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn.

Fóònù, ẹ fi sí àpò inú tó sún mọ́ ara, nítorí bátìrì máa ń kú kíákíá nínú òtútù. Kí ẹ sì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó wọ aṣọ àwọ̀lékè yẹn, torí àtibọ́ ọ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ìpàdé yín pẹ̀lú àwọn ajá

Ariwo ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ajá tó lé ní ọgọ́rùn-ún lè wà níbẹ̀, gbogbo wọn á máa gbó, wọ́n á máa fò sókè, àwọn kan á máa hu. Ajá tí a mọ̀ nílé, bó bá gbó báyìí, olè ló rí. Àwọn wọ̀nyí ń gbó nítorí wọ́n ti rí okùn ọkọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí a má lọ fi àwọn sílẹ̀. Ẹ rọra sún mọ́ wọn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ọwọ́ yín, kí ẹ wá fọwọ́ pa wọ́n ní àyà tàbí ẹ̀yìn etí. Wọ́n fẹ́ràn àtilá èèyàn lójú. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí itọ́ ajá kàn yín, bóyá nítorí ẹ̀sìn tàbí ìdí mìíràn, ẹ sọ fún afinimọ̀nà; kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹ má retí pé gbogbo wọn á ní irun púpọ̀ àti ojú aláwọ̀ búlúù bíi ti inú fọ́tò. Ti Siberia nìyẹn. Alaskan husky ló pọ̀ jù ní ilé ajá àwọn awakọ̀: ajá tí wọ́n bí ní àdàlù nítorí eré sísá, tó tín-ín-rín, tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín kìlógíráàmù 16 sí 27. Ẹ wò ó lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Ajá mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n máa so mọ́ ọkọ̀ yín, ní méjì-méjì. Àwọn tó wà níwájú pátápátá ni aṣíwájú; àwọn ló mọ ọ̀nà. Àwọn tó sún mọ́ ọkọ̀ ni alágbára, àwọn ló ń gba ìwúwo rẹ̀ ní kọ́ńà. Aṣíwájú tó dára níye lórí ju ohun tí a lè fẹnu sọ. Ní 1925, tí diphtheria, àrùn ọ̀fun tó ń ranni, bẹ́ sílẹ̀ ní Nome ní Alaska, awakọ̀ ajá 20 ló gbé oògùn náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ fún nǹkan bí kìlómítà 1,085 láàárín ọjọ́ márùn-ún àbọ̀. Leonhard Seppala, ọmọ àríwá Nọ́wè yìí, ló rin apá tó gùn jù, ajá rẹ̀ Togo sì ni aṣíwájú.

Nísinsìnyí, ẹ gun ọkọ̀

Ọkọ̀ náà fúyẹ́, kò ní táyà. Pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀pá ìdìmú wà ní ọ̀gangan àyà yín. Láàárín ẹsẹ̀ yín ni bíréèkì wà, irin eléyín tó máa ń wọ inú yìnyín bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan tún ní pẹpẹ rọ́bà tí ẹ lè gbé ẹsẹ̀ kan lé láti dín eré kù díẹ̀díẹ̀. Ìkọ́ irin ńlá kan tún wà tí wọ́n ń rì mọ́ yìnyín kí ọkọ̀ má baà lọ nígbà tó bá dúró. Afinimọ̀nà ló máa fà á yọ; ẹ má fọwọ́ kàn án àfi tó bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ fi tẹ bíréèkì kí ìkọ́ náà tó jáde. Gbogbo ara yín ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí afinimọ̀nà bá fọwọ́ sọ pé ó yá, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ sì di ọ̀pá mú gírígírí, nítorí wọ́n á já lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo yẹn á dákẹ́ wẹ́lo. Èémí wọn àti yìnyín lábẹ́ pákó nìkan ni ẹ ó máa gbọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló ga ju gbogbo òfin lọ: ẹ má tú ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀. Àwọn ajá wọ̀nyí kì í dúró de ẹni tó ṣubú. Ẹ lè pariwo, ẹ lè súfèé, wọn kò ní wẹ̀yìn, ẹni tó jókòó á sì bá wọn lọ. Bí ẹ bá yọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, kí ẹ fà ara yín dìde, kí ẹ sì wá bíréèkì.

Lójú ọ̀nà títẹ́jú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má gan. Ní kọ́ńà, ẹ gbé ara sí apá ibi tí ọ̀nà ń yà sí; bí ẹ bá gan bí òpó, ọkọ̀ á dojú dé. Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ máa tẹ bíréèkì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Okùn ni kí ẹ máa wò. Bó bá ti dẹ̀, ọkọ̀ ti fẹ́ sáré ju ajá lọ nìyẹn, ó sì lè gbá àwọn tó wà lẹ́yìn lẹ́sẹ̀. Okùn tó nà gbọọrọ ló fi ọkàn ajá balẹ̀. Mo kà á sí ojúṣe yín tó tóbi jù lọ́jọ́ náà.

Ní gígòkè, iṣẹ́ á kàn yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Bí òkè náà bá ga, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì máa sáré ti ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí ọ̀pá. Bí ẹ kò bá ṣe é, àwọn ajá kan á dúró, wọ́n á yíjú padà wò yín. Ohun tí wọ́n ń béèrè yé èèyàn dáadáa. Ẹ má sáré títí ẹ ó fi làágùn púpọ̀ ṣá, torí òógùn yẹn ló máa mú yín gbọ̀n nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ sí ìjókòó.

Ẹ kò nílò àṣẹ apá ọ̀tún tàbí apá òsì. Ọkọ̀ afinimọ̀nà wà níwájú, àwọn ajá yín á tẹ̀ lé e. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ tó wà níwájú, ẹ má sì gbìyànjú láti kọjá, torí okùn á lọ́ mọ́ra, àwọn ajá sì lè jà. Bí afinimọ̀nà bá na ọwọ́ sókè, ìdúró ni: ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi tún gbéra. Àwọn ajá á bu yìnyín jẹ bí wọ́n ṣe ń sáré, òùngbẹ ni wọ́n fi ń pa. Wọ́n á sì yàgbẹ́ lórí eré. Ẹ fi aṣọ bo imú, ó máa ń tètè lọ.

Lẹ́yìn ìrìn

Ẹ dúró lórí bíréèkì títí wọ́n á fi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ajá kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn dé iwájú, kí ẹ pè é lórúkọ kí ẹ sì fọwọ́ pa á lára. Ilé ajá tó dára á jẹ́ kí ẹ bá wọn tú okùn àyà wọn, kí ẹ sì gbé omi ẹran fún wọn mu. Ẹ má sá wọlé lọ mu tíì kí ẹ tó ṣe èyí.

Nínú àgọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé bidos fún yín, ọbẹ̀ ẹran reindeer (irú àgbọ̀nrín kan) pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì, oúnjẹ àwọn Sámi tó ni ilẹ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbóná, ó sì ń yó èèyàn. Bí ẹ kì í bá jẹ ẹran tí a kò pa ní hàlálì, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń san owó, kì í ṣe nígbà tí àwo ti dé iwájú yín.

Bí yìnyín kò bá tó, wọ́n lè so ajá mọ́ ọkọ̀ onítáyà tàbí kí wọ́n fagi lé ìrìn náà. Nítorí náà, ẹ fi ìrìn ajá sí ọjọ́ kejì tí ẹ dé, kó lè ṣeé sún síwájú.

Bí ó bá wá wù yín láti lọ jìnnà sí i, ìlú Alta wà ní àríwá Nọ́wè náà, níbi tí eré ìje ajá Finnmarksløpet ti ń wáyé ní oṣù kẹta, tó gùn ju kìlómítà 1,000 lọ. Longyearbyen tún wà ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó jìnnà sí àríwá, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: Svalbard kò sí nínú Schengen. Ẹ kò nílò físà láti wọ ibẹ̀, àmọ́ Nọ́wè ni ẹ ó gbà lọ, Nọ́wè náà ni ẹ ó gbà bọ̀. Físà tó gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ béèrè fún láti ìbẹ̀rẹ̀.